Ọ̀rá Ẹ̀yìn Iná: Láti Ganaja dé Ìlú Dúpẹ́ ní Jàpáànù

Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe tí wọ́n ń sọ kiri ní Ganaja, ní Lokoja níbí, láti ìgbà tí mo ti dé. Wọ́n ní mo lọ gbé ọmọ-ọmọ jó. N kò ní ọmọ-ọmọ. Dúpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, kò tíì lọ́kọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mí tó bó ṣe ń dun àwọn tó ń bi mí. Wọ́n tún ní mo lọ tún ojú ṣe. Ojú mi dá ṣáṣá. Iná ni mo gbé lọ: iná kékeré mẹ́ta tí wọ́n kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilé mi. Mo tò wọ́n sínú agolo mílíìkì, mo fi òwú tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì gbé wọn lọ bá àwọn tó ṣe wọ́n.

Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ iná náà kò ní mọ ohun tí mo lọ fi ojú rí.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ọdún tí odò ti wọ àdúgbò wa, omi kànga wa kò ṣe é fọkàn tán mọ́. Táífọ́ọ̀dù ló pa ìyá Dúpẹ́. Dúpẹ́ wà ní yunifásítì nígbà náà. Bó ṣe jáde, ó ní ọ̀nà tí ikú náà gbà wọlé ni òun máa fi ayé òun dí. Ibi tó ti ń dí i ni ilé ìwádìí kan ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń wá bí iná LED oní-UV yóò ṣe dára sí i.

UV ni ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kì í rí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú oòrùn. Òun ló ń jẹ́ kí aṣọ tí a sá sí ìta ṣá. Bí èyí tó le jù nínú rẹ̀ bá kan kòkòrò inú omi, kòkòrò náà kò ní lè bímọ mọ́, omi yóò sì dára láìsí pé a sè é. Ṣùgbọ́n iná tó ń mú un jáde kì í pẹ́ kú. Inú òkúta kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì ni wọ́n ti ń bí ìmọ́lẹ̀ yìí, awọ kan sì wà lára òkúta náà tí iná mànàmáná gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Awọ yẹn gan-an ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tí kò bá rí ọ̀nà jáde á di ooru, ooru ni yóò sì pa iná. Ohun tí Dúpẹ́ ṣe ni pé ó mú kí awọ náà tín-ín-rín kí ó sì mọ́ gaara, ó wá tẹ́ ohun kan bíi dígí sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ṣìnà lè yí padà. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe fún ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Ó fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi pé kí n dè wọ́n mọ́ páìpù tó ń ti inú táǹkì bọ̀. Ó ní iná tó bá la ooru Lokoja já, kò sí ibi tí kò ní lè gbé. Sólà ló ń gbé wọn, nítorí náà ẹ má bi mí léèrè iná ìjọba. Ní agogo méje àárọ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn àdúrà, mo máa ń ka nọ́ńbà tó wà lójú òṣùwọ̀n tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ wọn, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá sì fi í ránṣẹ́ sí Dúpẹ́ lórí fóònù. Yóò dáhùn pé, "Okun o, Bàbá. Mo ti rí i." Okun ni àwa ará Ọ̀wọ́rọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wa fi ń kí ara wa. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ní oṣù kejì, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kí ọdún tó parí, iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Dúpẹ́ pè mí lọ́jọ́ Àìkú kan, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá pa iṣẹ́ òun tì, àyè òun níbẹ̀ ti tán nìyẹn. Òun máa wálé, bóyá yunifásítì tó wà ní Felele á rí iṣẹ́ fún òun. Ó ní wọ́n fẹ́ kí n wá kí àwọn fi ojú rí iná náà àti ìwé tí mo kọ, kí òun náà sì fi ojú rí mi.

Mo gbàdúrà fún un lórí fóònù pé iṣẹ́ náà kò ní bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọjà, mo ra fóòmù tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ibi tí wọn kì í ti wo ènìyàn

Nígbà tí mo dé Jàpáànù, ibùdókọ̀ ojú irin ni Dúpẹ́ ti dúró dè mí. Ọdún márùn-ún ni a kò ti fojú kan ara wa. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Okun o, Bàbá." Mo gbé e dìde. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: kò sí ẹnì kan tó wò wá. Bí obìnrin tó tó báyìí bá kúnlẹ̀ ní gáréèjì ní Lokoja, ènìyàn mẹ́wàá á ti bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ní èdè Igala, ní Ebira, ní Hausa, ẹnì kan á sì ti bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ kó dárí jì í. Níbí, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí omi ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, ó ju òtútù lọ.

Ẹ má sì torí èyí pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́; àṣìṣe tí èmi náà ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo jáde, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Ọkùnrin kan bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí mo ń kí. Dúpẹ́ ṣàlàyé fún mi pé wọn kò kọ ìkíni, wọn kò rò pé àwọn ni mo ń kí ni. Nígbà tí fìlà mi sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ọkùnrin àgbàlagbà kan sáré tẹ̀ lé mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, ó sì tẹrí ba. Mo tẹrí ba. Ó tún tẹrí ba. Èmi náà kò fẹ́ kí ó ju mí lọ nínú ìwà, mo tẹ̀ sí i. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí Dúpẹ́ fi di apá mi mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó borí. Yóò di alẹ́."

Agogo ara ògiri

Ilé Dúpẹ́ jẹ́ yàrá kan àti ibi ìdáná kan lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Láàárín méjèèjì, èmi àti agogo ara ògiri ni a jọ ń gbé. Mo gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo ń kọ bí yàrá ṣe tutù sí sínú ìwé, nítorí ọwọ́ mi ti mọ́ kíkọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè, kí ohùn má bàa dípẹtà sí mi lọ́fun. Mo tilẹ̀ kọ́ ìkòkò lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìdí tí ọmọrí rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ìkòkò náà kò ṣe aríwo kankan ní kíláàsì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rí bí Dúpẹ́ ṣe ń gbé. Àwo kan, ife kan, ṣíbí kan. Tèmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ń dá jẹun.

Oúnjẹ wọn kò ní ata. Ohun gbogbo dùn díẹ̀, ó sì dákẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀, tí mo sì sọ ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé páálí kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó tẹrí ba, ó sì lọ. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn irú gba gbogbo yàrá. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe irúgbá, ó sì ń fà bí ilá. Mo da á sórí ìrẹsì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn ènìyàn yẹn kò ní irú, ẹ sọ fún un pé tíṣà ní kó lọ tún un wò. Mo jẹ oúnjẹ náà tán, mo sì jókòó ti páálí òfìfo náà fún ìgbà pípẹ́, nítorí òórùn náà.

Nínú yàrá funfun

Ọjọ́ Ẹtì ni Dúpẹ́ mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìpàdé di ọjọ́ Ajé. Wọ́n wọ̀ mí láṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n bo ẹnu mi, wọ́n bo irun mi, mo dà bíi lékeléke. Inú yàrá náà mọ́ débi pé ojú ń tì mí láti mí èémí.

Dúpẹ́ fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń de iná mọ́ ìdúró rẹ̀. Ẹ̀yìn iná náà jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Irin yìí gbọ́dọ̀ fara kan irin ńlá kan tó ní eyín bí òòyà, kí ooru lè ti ara èkíní bọ́ sára èkejì, kí eyín òòyà sì tú u ká. Mo ti mọ gbogbo èyí. Èmi náà de mẹ́ta. Dúpẹ́ mú iná tuntun kan. Ó fi èékánná gbé etí ọ̀rá aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn irin pẹlẹbẹ náà, ó fà á ya, ó jù ú sínú agbọ̀n, ó sì de iná náà.

Mo bi í pé kí ló jù nù yẹn.

"Ọ̀rá ni, Bàbá. Kí irin má bàa ha lọ́nà ni wọ́n ṣe ń fi sí i. Bí a kò bá ṣí i, ooru kò ní lè kọjá."

Ó ti mú òmíràn. Kò wo ojú mi. Aṣọ funfun náà ṣe mí lóore lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ wá. Bí a bá ra fìríìjì, ọ̀rá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ máa wà níbẹ̀ títí yóò fi gbó fúnra rẹ̀. Àga tuntun, ọ̀rá. Rìmóòtù, ọ̀rá. Ẹni tó bá ya ọ̀rá nǹkan tuntun lọ́jọ́ kìíní, a ń wò ó bí ọ̀bùn. Nínú ìwé tí Dúpẹ́ kọ ránṣẹ́, ó ní kí n nu ẹ̀yìn iná náà dáadáa kí n tó dè é. Mo fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ọ̀rá ni mo nù, ó ń dán, inú mi sì dùn pé n kò jẹ́ kí ohun ọlọ́hun ha. Nígbà tí wọ́n kú tán tí mo fẹ́ dá wọn padà, ni mo tó ṣí ọ̀rá wọn, nítorí a kì í dá ohun ọlọ́hun padà pẹ̀lú ìdọ̀tí. Nítorí náà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí lára wọn mọ́.

Èmi nìkan ni mo mọ̀. Bí mo sì ṣe délé, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, mo ti ká wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin sáàárín ewé ìwé, nítorí n kì í da nǹkan nù.

Ọjọ́ méjì tí mo dákẹ́

N kò ní pa ọ̀rọ̀ náà láró. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe iṣẹ́ Dúpẹ́. Fóòmù tó wà nílé ni.

Mo rò ó báyìí: iná kú, wọ́n á pa iṣẹ́ tì, Dúpẹ́ á wálé. Yóò máa wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Felele láàárọ̀, yóò sì máa padà bọ̀ sí Ganaja nírọ̀lẹ́, èmi á sì ti gbé omi kaná. N kò ní láti purọ́ kankan. Kí n ṣáà dákẹ́ ni. Kò sí ẹni tó bi mí.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé ẹni tó rí àṣìṣe tó sì pa á mọ́, àṣìṣe rẹ̀ ti di méjì. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Dúpẹ́ jókòó ti ìwé mi, ó ń wá ohun tí dígí òun ṣe tí kò dára. Ó ń gé èékánná jẹ, bó ti ń ṣe ní kékeré. Ó ní, "Bàbá, ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́. N kò mọ ibi tí mo ti ṣì í." Mo ní kó jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó padà síbi iṣẹ́. Mo ń sá aṣọ sórí okùn nígbà tí Ìyá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ pè mí láti ìsàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Ó fi tíì gbígbóná aláwọ̀ ewé fún mi. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. A jókòó, a ń mu tíì, a ń mi orí sí ara wa.

Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé e.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín láti ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Mo nawọ́ sí rìmóòtù náà, mo nawọ́ sí àyà ara mi, mo wí pé, "Àwa náà." Ó yé e, òun náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Mo wá rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àga rere, ọ̀rá wà lára rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó síbẹ̀ láti mú un rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé ọwọ́ sókè wéré pé rárá. Ó fi àwòrán ọkùnrin kan hàn mí lára ògiri, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Ó nawọ́ jìnnà, jìnnà gan-an. Lẹ́yìn náà ó na ìka ọwọ́ kan sókè, ó na ìkejì, ó na ìkẹta. Nígbà tó na ìka mẹ́wàá tán, tí mo mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Ọ̀rá àga náà kò ní eruku kankan. Ó ń nù ún ni, bí mo ṣe ń nu ti fóòmù Dúpẹ́ nílé.

Mo mu tíì náà tán, mo dúpẹ́, mo gòkè lọ.

Ọ̀rá mẹ́ta lórí tábìlì

Ènìyàn mẹ́fà ló jókòó sí ìpàdé náà. Ọ̀gá Dúpẹ́ jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ti hewú, tó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Dúpẹ́ ń túmọ̀ fún mi. Ọ̀gá náà gbé ìwé mi sókè, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí àkọsílẹ̀ tí ọjọ́ kan ṣoṣo kò fò níbẹ̀. Gbogbo wọn tẹrí ba fún mi. Ẹni tó bá ti gba ìyìn tí kò tọ́ sí i rí, ó mọ bí ìyẹn ṣe ń ta ènìyàn lára.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé nọ́ńbà mi sára ògiri, ìlà tó ń lọ sílẹ̀ láti oṣù kejì. Dúpẹ́ dìde láti sọ̀rọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, bí akẹ́kọ̀ọ́.

Mo ní nọ́ńbà tó wà nínú ìwé náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò kọ síbẹ̀. Mo yọ ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tò wọ́n sórí tábìlì níwájú ọ̀gá.

"Ẹ̀yìn iná ni àwọn yìí wà láti ọjọ́ tí mo dè wọ́n títí wọ́n fi kú. N kò ṣí wọn."

Dúpẹ́ ń wò mí. Kò túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá."

"Túmọ̀ rẹ̀."

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Dúpẹ́. Túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́. Ìdákẹ́ wọn kò dà bíi tiwa. Àwa á ti sọ nǹkan kí ìtìjú má bàa pa ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó jókòó sáàárín wa. Ọ̀gá náà mú ọ̀rá kan, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó bi mí ìdí rẹ̀. Mo sọ fún un: kí nǹkan lè wà ní tuntun. Ó tún bi mí pé ilé mélòó ní ìlú mi ló máa fi ọ̀rá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo wọn, ọ̀gá. Ẹni tó bá ṣí i, aládùúgbò á bi í pé kí ló ń kánjú sí."

Nígbà tí Dúpẹ́ túmọ̀ ìyẹn, obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sì bo ẹnu. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, Dúpẹ́ sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní iná tó ń kú nítorí pé olúwa rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, iná náà ni kò tíì gbẹ̀kọ́, kì í ṣe olúwa rẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n dán an wò. Wọ́n fi ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́yìn iná kan, wọ́n gbé e sínú àpótí tó gbóná bí ọ̀sán oṣù kẹta wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Dígí Dúpẹ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n yí ọ̀nà ooru padà: kí irin ẹ̀yìn iná máa fara kan omi inú páìpù fúnra rẹ̀, kí omi tí iná ń fọ̀ máa gbé ooru rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rá wé ìta rẹ̀ nígbà náà, kó wé e dé ọ̀run. Wọ́n fún Dúpẹ́ ní ọdún mẹ́ta sí i láti ṣe é.

Ọ̀nà ilé

A fi ẹsẹ̀ rìn padà sí ilé rẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó funfun, òtútù sì ń mú.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí o ya ọ̀rá yẹn."

"Ẹ rí mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bí mo ṣe ń wá a kiri."

"Mo rí ọ."

Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi. Ó ní ẹni tó kọ́ òun ní físíìsì, báwo ni òun ṣe fẹ́ máa bi í léèrè bóyá ó ṣí ọ̀rá. Mo ní kó máa bi gbogbo ènìyàn, títí kan tíṣà. A rìn díẹ̀ sí i.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ kí o wálé."

Ó dúró. Ó tún síkáàfù ọrùn mi so, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tún ọrùn aṣọ mi ṣe kí n tó lọ síléèwé.

"Mo ti ń di ẹrù," ni ó wí. "Díẹ̀díẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Nígbà tí a délé, ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ inú rẹ̀ padà sára ìkọ́. Mo bá a nà án, èmi ń nà, òun ń kọ́.

Ganaja

N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa bí mo ṣe padà. Ooru Lokoja gbá mi mọ́ra bí mọ̀lẹ́bí tó ti mutí. Gbogbo ènìyàn ló kí mi, ẹni tó mọ̀ mí àti ẹni tí kò mọ̀ mí, mo sì dá olúkúlùkù lóhùn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá Zàínábù, obìnrin Nupe tí a jọ ń fa omi nínú táǹkì mi, ló ti ń gbá àgbàlá dè mí. Ó bi mí pé Dúpẹ́ dà. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ni iná tuntun dé. Ọ̀rá wà lára rẹ̀. Dúpẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: ẹ má ṣí i o, Bàbá, bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó ni kí ẹ lò ó. Mo dè é pẹ̀lú ọ̀rá. Ìyá Zàínábù wá pọn omi, ó fi ìka kan ọ̀rá náà, ó fi Hausa yin tíṣà.

"Màdàllá, Màlámì. Báyìí ni wọ́n ń tọ́jú nǹkan."

Mo wọlé, mo wọ yàrá Dúpẹ́. Fóòmù náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó ń dán nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo gbá etí ọ̀rá náà mú, mo fà á ya láti orí dé ìsàlẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ìyá Zàínábù ké láti ìta.

"Màlámì, Dúpẹ́ ń bọ̀ ni?"

"Kò tíì máa bọ̀."

"Ta ló wá fẹ́ sùn síbẹ̀?"

"Èmi ni. Atẹ́gùn ń wọ yàrá yìí ju tèmi lọ."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Zàínábù gbé aṣọ ìtẹ́lé bẹ́ẹ̀dì kan wọlé láti ilé rẹ̀, tó ti gbó díẹ̀ tó sì mọ́, òun náà ló sì bá mi tẹ́ ẹ.

Ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ka òṣùwọ̀n. Mo kọ nọ́ńbà náà sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ohun tó yẹ kí n ti kọ lọ́dún tó kọjá: Ọ̀rá wà lára iná. Mo ronú díẹ̀, mo fi ìlà kan sí i: Ọ̀rá ti kúrò lára fóòmù. Mo ya àwòrán ewé náà, mo fi ránṣẹ́.

Èsì rẹ̀ wọlé.

"Okun o, Bàbá. Mo ti rí i. Méjèèjì."